Ìlú Ọba, Ọsirélíà, Kánádà tàbí Amẹ́ríkà: ibo ni ìwé OT yín lè gbé yín dé?

Ẹni tó kọ́ṣẹ́ occupational therapy (OT), ìyẹn ìtọ́jú tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti tún máa ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀, ní Nàìjíríà, tó sì fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ náà lókè òkun, ilẹ̀kùn méjì ló máa kàn. Ọ̀kan jẹ́ ti àjọ tó ń forúkọ àwọn OT sílẹ̀, èkejì jẹ́ ti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní físà. Ẹni tó ṣí ọ̀kan kò tíì ṣí èkejì. Ó ṣeé ṣe kí orúkọ yín ti wà nínú ìwé àwọn OT ìlú kan, kí ẹ má sì ní físà tí ẹ máa fi wọ ibẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí físà wà lọ́wọ́ yín, kí wọ́n má sì tíì gbà yín láyè láti tọ́jú aláìsàn kankan.

Ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ yan ìlú nítorí pé ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ wọn wà níbẹ̀. Wọ́n á sanwó, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé kiri. Ibi tí owó ti ń ṣègbé nìyẹn. Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀ kí ẹ yẹ̀ wò, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa sọ ìlú tó yẹ yín.

Ẹ tú àpò ìwé yín ná

Irú ìwé ẹ̀rí tí ẹ ní ló ṣáájú. Dìgírì ọdún márùn-ún láti Ifẹ̀ àti dípúlómà láti iléèwé OT tìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì kì í ṣe ohun kan náà lójú àwọn àjọ òkè òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́ọ̀dù kan náà ni àwọn tó ní in ti jọ ń ṣiṣẹ́ nílé. Ìyàtọ̀ yìí máa ń ti àwọn ilẹ̀kùn kan pa pátápátá, á sì ṣí àwọn mìíràn sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wákàtí tí ẹ lò lọ́dọ̀ aláìsàn nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. WFOT, ìyẹn ẹgbẹ́ OT àgbáyé, sọ pé kò gbọ́dọ̀ dín ní 1,000 wákàtí, òṣùwọ̀n yìí ló sì wà lọ́kàn àwọn tó ń yẹ ìwé wò níbi púpọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni pé àwọn èèyàn ń kó wákàtí internship mọ́ wákàtí clinical posting. Internship ọdún kan tí MRTB, àjọ tó ń forúkọ wa sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ká ṣe lẹ́yìn dìgírì, iṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Abala ìrírí iṣẹ́ ni ẹ máa kọ ọ́ sí. Bí ẹ bá kó o mọ́ posting, tí iléèwé sì kọ iye tirẹ̀ tó kéré sí tiyín, ìwé méjèèjì á máa ta ko ara wọn, wọ́n á sì dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Ẹ tún wo irú aláìsàn tí ẹ ti tọ́jú. Ọ̀pọ̀ OT nílé, ọsibítù àìsàn ọpọlọ ni wọ́n ti dàgbà sí: Yábàá, Aró, àti irú wọn. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n bí ìwé yín bá kún fún àìsàn ọpọlọ nìkan, àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á béèrè ibi tí ọmọdé wà, ibi tí rọpárọsẹ̀ àti ọwọ́ tó fara pa wà, ibi tí ẹ ti wọ ilé aláìsàn lọ wo àtẹ̀gùn àti ilé ìwẹ̀ rẹ̀, ibi tí ẹ ti wọn èèyàn fún wheelchair. Ẹ lè dí àlàfo yìí nílé kí ẹ tó kọ̀wé rárá: ẹ tọrọ oṣù díẹ̀ ní ẹ̀ka míì ní ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ bíi UCH tàbí LUTH, ẹ máa kọ ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ọ̀gá ibẹ̀ sì máa fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìwé tí ọ̀gá kọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta láti inú ìrántí kì í ní agbára kan náà.

Orúkọ ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lórí dìgírì, lórí sàtífíkéètì MRTB, lórí pásípọ́ọ̀tù àti lórí èsì ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn obìnrin tó ti ṣègbéyàwó ni èyí máa ń mú jù. Ìwé ìgbéyàwó tàbí àfidéfìtì máa yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá béèrè.

Wọ́n rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Ìlú Ọba | Ọsirélíà | Kánádà, láìka Quebec | Amẹ́ríkà |
|---|---|---|---|---|
| Ta ló ń yẹ ìwé wò | HCPC | OTC | ACOTRO, nínú ètò SEAS | NBCOT, nínú ètò OTED |
| Ta ló ń forúkọ sílẹ̀ | HCPC náà | OT Board, nípasẹ̀ Ahpra | àjọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan | ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan |
| Ìdánwò iṣẹ́ | kì í sábà sí | iṣẹ́ lábẹ́ alábòójútó ló dípò rẹ̀ | NOTCE | OTR |
| Ohun tó ń gbé èèyàn ṣubú | àlàyé ìrírí tí kò kún | kò rí iléeṣẹ́ tó máa bójú tó o | àkókò àti ìpele tó pọ̀ | dìgírì tí kò tó máásítà |
| Ọ̀nà físà | agbanisíṣẹ́ | máàkì, tàbí agbanisíṣẹ́ | máàkì, tàbí ìpínlẹ̀ | agbanisíṣẹ́ |

Ìlú Ọba

Ibí ni ìwé ti ń sọ̀rọ̀ jù. Àwọn OT méjì tí HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bíi OT sílẹ̀ níbẹ̀, yàn ló máa jókòó ti ìwé yín, wọ́n á fi í wé òṣùwọ̀n ìmọ̀ tí HCPC là sílẹ̀ fún OT, èyí tí wọ́n tún ṣe tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 September 2023. Wọ́n máa ń wo ẹ̀kọ́ yín àti ìrírí yín papọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó ní dípúlómà àti ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ lè rí ẹnu sọ níbí ju Amẹ́ríkà lọ: ohun tí ẹ̀kọ́ kò fún un, ìrírí lè fún un, bó bá mọ̀ ọ́n kọ.

Mímọ̀ ọ́n kọ ni ọ̀pọ̀ kò ní. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Mo máa ń tọ́jú àwọn tó ní rọpárọsẹ̀, mo sì máa ń fún wọn ní ìdárayá ọwọ́." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò fi hàn pé ẹ ronú. Ohun tí wọ́n fẹ́ kà rí báyìí: télọ̀ ẹni ọdún 58 tí apá òsì rẹ̀ rọ, tó ní ohun tó ń dun òun ni pé òun ò lè di aṣọ mú lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́. Ẹ lo COPM láti mọ ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù, ẹ lo Barthel Index láti mọ bó ṣe ń wẹ̀, tó ń wọṣọ, tó ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ rí i pé ìka rẹ̀ ń kákò lóru, ẹ mọ splint, ohun tó ń di ìka mú kó tọ́, fún un, ẹ sì sọ ìdí tó fi jẹ́ irú splint yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ẹ tún un wọ̀n, ẹ kọ ohun tó yí padà àti ohun tí kò yí padà, àti ohun tí ẹ wá ṣe sí èyí tí kò yí padà. Àlàyé mẹ́rin tàbí márùn-ún tó kún báyìí, láti ẹ̀ka tó yàtọ̀ síra, sàn ju ojú ewé ogún tí ẹ fi ka iṣẹ́ lọ bẹẹrẹ. Ẹ má ṣe ya ti ẹlòmíràn kọ. Ìwé kan náà máa ń padà dé iwájú àwọn tó ń yẹ ìwé wò, wọ́n sì máa ń dá a mọ̀.

Iléèwé yín ló máa ṣàlàyé ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́. Sílébọ́ọ̀sì ọdún tí ẹ wà níbẹ̀ ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Àwọn òṣìṣẹ́ registry máa ń mú èyí tó wà nítòsí fúnni; bí kóòsì inú rẹ̀ kò bá bá transcript yín mu, wàhálà dé. Ẹ tún rí i dájú pé ímeèlì iléèwé fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù. Àjọ òkè òkun máa ń kọ̀wé padà láti wádìí, èsì tó bá sì ti Yahoo tàbí Gmail ẹnì kan wá máa ń mú ìfura dání.

Bí ìwé bá kún, HCPC ń fojú sí i láti dáhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 60. Wọ́n lè gbà yín, wọ́n lè béèrè àlàyé sí i, wọ́n lè ní kí ẹ ṣe ìdánwò, wọ́n sì lè kọ̀. Ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún 2 sí 5 máa ṣe àtúnkọ́ ọjọ́ 30. Ẹni tó ti lé ní ọdún 5 máa ṣe 60. Nítorí náà, ẹni tó fi OT sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ báńkì, ẹ padà sí wọ́ọ̀dù kí ẹ tó kọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìdẹkùn tirẹ̀. HCPC ń béèrè IELTS 7.0 lápapọ̀, kí abala kankan má dín ní 6.5. Àwọn tó ń fúnni ní físà náà ní ìbéèrè tiwọn. Dókítà, nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti dókítà eyín lè fi èyí tí wọ́n ṣe fún àjọ iṣẹ́ wọn gba físà. OT kò sí nínú wọn. Ẹni tó ṣe IELTS lásán lè wá rí i pé òun máa tún un ṣe. Ẹ kúkú ṣe IELTS for UKVI, èyí tí àwọn onífísà náà ń gbà, ti Academic, lẹ́ẹ̀kan náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ gba ìwé Ecctis, iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí òkè òkun wò fún Ìlú Ọba, tó sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín ní yunifásítì.

Físà tó bá OT mu ni Health and Care Worker, agbanisíṣẹ́ ló sì máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ kò ní san owó ìlera tí àwọn oníṣẹ́ mìíràn ń san ṣáájú. Òfin March 2024 tó ní kí àwọn care worker má kó ìdílé wá kò kan OT. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti fi ọ̀rọ̀ yìí pa èrò wọn dà láìnídìí.

Ọsirélíà, àti ọ̀nà New Zealand

OTC, tó fìdí kalẹ̀ sí Perth, ló ń yẹ ìwé wò fún ìforúkọsílẹ̀, òun náà ló sì ń ṣe é fún físà, lábẹ́ 252411, nọ́ńbà tí ìjọba ibẹ̀ fún iṣẹ́ OT. Ẹ sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ èyí tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ wá. Ìpele kìíní jẹ́ ti ìwé. Ìkejì ni iṣẹ́ lábẹ́ alábòójútó ní Ọsirélíà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìforúkọsílẹ̀ onídìíwọ̀n láti Ahpra, àjọ tó ń bójú tó orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera níbẹ̀, kí wọ́n tó fún yín ní èyí tó kún.

Ìpele kejì yìí ló ń dá àwọn èèyàn dúró. Ẹ gbọ́dọ̀ rí ọsibítù tàbí iléeṣẹ́ tó gbà láti gbà yín síṣẹ́, tó sì ní OT tó láyè láti máa wò yín, láti máa kọ ìjábọ̀ lórí yín. Àwọn tó wà nílùú ńlá kì í fẹ́ gba ẹrù náà. Àwọn ìlú kéékèèké tó jìnnà ló ń wá OT kiri, ibẹ̀ sì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ẹni tó ní òun ò lè gbé ibi tí kò ti sí Yorùbá mìíràn, kó rò ó dáadáa.

Ahpra tún fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ yín ṣì gbóná lẹ́nu iṣẹ́: 750 wákàtí láàárín ọdún 5, tàbí 450 láàárín ọdún 3, tàbí 150 láàárín oṣù 12. Gẹ̀ẹ́sì wọn jẹ́ IELTS Academic 7 lápapọ̀. Láti March 2025 wọ́n ti ń gba 6.5 nínú ìkọ̀wé, 7 nínú àwọn yòókù. OET, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, náà wà, ó sì ní èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún OT: lẹ́tà tí ẹ máa kọ nínú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí OT ń kọ nípa aláìsàn. Ẹni tí àròkọ IELTS ń dààmú, ẹ gbìyànjú rẹ̀.

Físà 189, 190 àti 491 ń lo máàkì tí wọ́n ń fúnni lórí nǹkan bí ọjọ́ orí, ẹ̀kọ́, ìrírí àti Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán 65, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ tíì pé ẹni ọdún 45 nígbà tí wọ́n bá pè yín. Ẹni ọdún 43 tó ṣì ń wá transcript, Ọsirélíà ni kó dojú kọ kíákíá tàbí kó gbé e jù sílẹ̀.

New Zealand ní àjọ tirẹ̀, iṣẹ́ ibẹ̀ sì ní ohun tí a kò bá pàdé níbòmíràn: wọ́n ń retí kí OT lóye àdéhùn tó wà láàárín ìjọba àti àwọn Māori, kó sì hàn nínú bó ṣe ń tọ́jú èèyàn. Ẹ kà nípa rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó kọ àlàyé yín. Èrè rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lè lo òfin ìgbọ́raẹniyé tó wà láàárín ìlú méjèèjì láti forúkọ sílẹ̀ ní Ọsirélíà.

Kánádà

Ìlú onísùúrù ni. SEAS, tí ACOTRO bẹ̀rẹ̀ ní 2015, kì í ṣe ìgbésẹ̀ kan: wọ́n á fi ẹ̀kọ́ yín wé ti Kánádà, wọ́n á wo ìmọ̀ yín nípa òfin iṣẹ́ ibẹ̀, wọ́n á sì dán òye iṣẹ́ yín wò. Ohun tó máa jáde níbẹ̀ ni ìjábọ̀. Ìjábọ̀ yẹn kì í ṣe ìforúkọsílẹ̀: ẹ máa gbé e lọ bá àjọ ìpínlẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbé, ẹ ó sì ṣe NOTCE, ìdánwò tí CAOT, ẹgbẹ́ àwọn OT Kánádà, ń ṣe ní àsìkò tí wọ́n dá nìkan. Ẹni tí àsìkò kan bá fò, oṣù púpọ̀ ló máa fi dúró. Quebec ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀: OEQ ni àjọ OT tó wà níbẹ̀, Faransé sì ni iṣẹ́ wọn. Ìyẹn lè bá àwọn ará wa láti Benin àti Togo mu ju tiwa lọ.

Ìdàrúdàpọ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ jù ni ti WES. WES jẹ́ iléeṣẹ́ tó ń fi dìgírì wé ti Kánádà; ìwé rẹ̀ tí ẹ fi wọ Express Entry, ètò máàkì tí ìjọba fi ń yan àwọn tó fẹ́ wá gbé ibẹ̀, ń sọ fún ìjọba pé dìgírì yín tó ti Kánádà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ jẹ́ OT. Bẹ́ẹ̀ náà ni IELTS: General Training ni Express Entry ń gbà, nígbà tí àwọn àjọ OT ń wo Academic. Ọ̀pọ̀ ti gba ìwé ìgbélùú, wọ́n gúnlẹ̀ sí Toronto, kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ SEAS. Ẹ bẹ̀rẹ̀ SEAS nígbà tí ẹ ṣì wà nílé, níbi tí ẹ ti lè fi ẹsẹ̀ ara yín rìn lọ sí registry.

Amẹ́ríkà

Láti 2007 ni ẹ̀kọ́ OT ní Amẹ́ríkà ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpele máásítà, pẹ̀lú posting ọ̀sẹ̀ 24 gbáko níparí. Ìpele yẹn ni NBCOT ń fi ìwé yín wé nínú OTED, ẹni tó ní bákálọ̀, ìyẹn dìgírì àkọ́kọ́, nìkan sì ní òkè láti gùn. Bí wọ́n bá gbà yín, ẹ máa ṣe ìdánwò OTR, níbi tí 450 ti jẹ́ àṣeyege lórí òṣùwọ̀n 300 sí 600. Lẹ́yìn náà ni láísẹ́ńsì ìpínlẹ̀, àti ìwé VCVC tí NBCOT ń ṣe fún físà.

Ti físà ló tún le jù. Nọ́ọ̀sì àti physiotherapist wà lórí Schedule A, àwọn tí ìjọba ti gbà pé wọn kò pọ̀ tó. OT kò sí níbẹ̀, nítorí náà agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé òun wá ọmọ ìlú tì. H-1B, físà iṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ ń béèrè fún, jẹ́ lọ́tìrì fún ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, láti September 2025 sì ni wọ́n ti gbé owó 100,000 dọ́là lé ìbéèrè tuntun. Pẹ̀lú bí nǹkan ṣe rí yìí, a kò ní gba ẹni tó ní bákálọ̀ tí kò sì ní ẹbí tó ń pè é lọ níyànjú láti fi Amẹ́ríkà ṣe àkọ́kọ́.

Nígbà náà, èwo?

Dìgírì, iṣẹ́ tí kò tíì dáwọ́ dúró, ìrírí ní ẹ̀ka mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀: Ìlú Ọba ló yá jù. Bí ìdílé bá ti wà tó sì jẹ́ ìwé ìgbélùú ni ẹ ń lé, tí ọjọ́ orí yín kò tíì kọjá ogójì púpọ̀, Ọsirélíà tàbí Kánádà. Ẹni tó mọ ìdánwò ṣe ṣùgbọ́n tí kì í mọ ara rẹ̀ ṣàlàyé lórí ìwé máa gbádùn Kánádà ju Ìlú Ọba lọ. Ireland náà wà fún ẹni tó bá fẹ́ agbanisíṣẹ́: CORU ló ń yẹ ìwé wò, bí àlàfo bá sì wà wọ́n lè ní kí ẹ yan ìdánwò tàbí àkókò iṣẹ́ lábẹ́ alábòójútó. OT wà lórí àkọsílẹ̀ Critical Skills wọn, ìyẹn àwọn iṣẹ́ tí ìlú náà ń wá èèyàn sí jù.

Ẹni tó ní dípúlómà tí ìrírí rẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀kọ́ ló kàn. Níbí, ẹ ṣọ́ra gidi. MSc pre-registration ní Ìlú Ọba, tó sábà máa ń gba ọdún méjì, ló ń sọni di ẹni tó lè bá HCPC forúkọ sílẹ̀. MSc ọdún kan tí wọ́n pè ní Advanced Occupational Therapy, tàbí ti public health, kò ṣe bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ẹni tó ń ta á fún yín dùn lẹ́nu tó. Ẹ wo àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tí HCPC fọwọ́ sí kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ètò tí ẹ máa fi kó ìwé jọ tún ṣe pàtàkì. IELTS ni gbogbo èèyàn ń kọ́kọ́ ṣe, torí pé òun ló wà lọ́wọ́ ẹni. Ọdún méjì péré ló ń lò, transcript àti sílébọ́ọ̀sì sì lè jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Iléèwé ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà MRTB, fún ìwé tó ń sọ pé ẹ kò ní ẹ̀sùn lọ́rùn: ẹ san gbogbo gbèsè láísẹ́ńsì ọdọọdún ṣáájú, torí wọn kò ní kọ ọ́ fún ẹni tó jẹ gbèsè, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí àjọ náà fúnra wọn. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ló kẹ́yìn.

Bí wọ́n bá kọ̀ yín, ẹ má sáré kọ̀wé sí ìlú míì bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Fọ́ọ̀mù àwọn àjọ yìí máa ń béèrè bóyá wọ́n ti kọ̀ yín rí, ẹni tó bá sì purọ́ níbẹ̀ ti sọ àlàfo ìmọ̀ di ọ̀rọ̀ ìwà. Lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ ti HCPC máa ń dárúkọ òṣùwọ̀n tí ẹ kò kúnjú. Ẹ mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wá wọ́ọ̀dù tí ẹ ti lè kọ́ ọ, kí ọ̀gá ibẹ̀ fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ pẹjọ́ bí àkókò bá ṣì wà, tàbí kí ẹ tún un kọ.